Àbúrò mi forí sọlẹ̀ lórí ọ̀kadà, rọpárọsẹ̀ tún bá a lórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ̀gbọ́n_Sábó kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́nà Ṣágámù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Típà kan já wọ ojú títì láìtan iná. Ọlọ́kadà ní kí òun yà fún un, ni wọ́n bá ṣubú. Ọlọ́kadà dá lápá. Àbúrò mi ló forí sọlẹ̀, kò sì dé àṣíborí. Àwọn tó wà nítòsí gbé e sínú márúwá, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e dé ní àfi ká kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá, kò lajú mọ́, kò dáhùn. Wọ́n ní máàkì rẹ̀ jẹ́ 7 nínú 15. Wọ́n ya àwòrán orí, wọ́n ní ọpọlọ wú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì dà sí i, ṣùgbọ́n kò tíì di ti iṣẹ́ abẹ.

A dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lajú. Bí mo bá ní kó fún ọwọ́ mi, ó ń fún un. Àfi bí mo ṣe dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń fún mi lọ́wọ́ sì kú tìkọ̀. Wọ́n tún àwòrán yà. Dọ́kítà ní rọpárọsẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní stroke.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Ọmọ ọdún 31, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò mu sìgá, kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Báwo ni rọpárọsẹ̀ ṣe wá bá a níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀? Ṣé wọ́n ṣe nǹkan sí i ni? Ṣé ká gbé e kúrò níbẹ̀? Ìyá wa kò jẹun mọ́.

BàbáÌbejì_Agric fèsì pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ ní kí wọ́n jẹun.

Ṣùgbọ́n n kò ní pa irọ́ fún yín. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe àìsàn ọ̀dọ́. Ẹni tó ti ń gbádùn bọ̀, tó ń fún yín lọ́wọ́, tí ọwọ́ wá kú mọ́jú, wọ́n ta á ní nǹkan ni. Ẹ má jókòó ti dọ́kítà nìkan. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò.

Ọlọ́kọ̀_Òpópónà fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e síbì kankan. Ẹ dúró kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì wa wà lórí ojú-òpó yìí, mo ti pè wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_ÌtaẸlẹ́wà fèsì pé:

Ẹ kú àìsùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìdúró ti àbúrò.

Wọ́ọ̀dù àwọn tí orí wọn fara pa ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò yín kò ṣàjèjì sí wa. Ó ní ìdí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbikíbi láyé tí wọ́n bá ti ń tọ́jú orí tó fara gbọgbẹ́. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan sí i.

Máàkì 7 yẹn, òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní ìlú Glasgow lọ́dún 1974 ni. Wọ́n ń wo bí ojú ṣe ń là, máàkì 4 ló ní. Bí aláìsàn ṣe ń sọ̀rọ̀, 5. Bí ara rẹ̀ ṣe ń mira, 6. Ẹni tí ara rẹ̀ pé gba 15, ẹni tí kò mira rárá gba 3. Láti 8 wá sísàlẹ̀ ni ìpalára ńlá. Nítorí náà, inú ewu ni àbúrò yín wà láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kí ọwọ́ tó kú.

Orí tó fara pa báyìí máa ń ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìpalára àkọ́kọ́ ni ti ojú títì, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Ìkejì ló ń yọ́ bọ̀ láàárín wákàtí sí ọjọ́, òun sì ni gbogbo ìtanná-wojú, ìdíwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìbéèrè "kí lorúkọ ẹ?" tí a fi ń yọ aláìsàn lẹ́nu lóru wà fún. Rọpárọsẹ̀ wà lára ìkejì yìí.

Fún ọ̀dọ́ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọrùn ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ. Iṣan ńlá mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ: méjì níwájú ọrùn lọ́tùn-ún lósì, méjì tó kù gba inú ihò egungun ọrùn kọjá. Bí orí bá sọlẹ̀, ọrùn á yí, tàbí kó nà kọjá ibi tó yẹ. Awọ tó wà nínú iṣan lè ya, kí egbò kankan má sì hàn lóde. Ẹ ro rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò: bí awọ inú rẹ̀ bá ṣí, omi á sáré sẹ́yìn awọ náà, awọ á wú, á sì dí ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ á dì sí ojú ibi tó ya. Bí èyí tó dì bá já, inú ọpọlọ ló ń lọ há sí. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wákàtí lè kọjá, ọjọ́ lè kọjá, nígbà míì ó máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan. BàbáÌbejì, ẹ forí jì mí, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa gbádùn bọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wá kú mọ́jú.

Ọ̀nà míì tún wà. Agbárí kò lè fẹ̀ fún ọpọlọ tó bá wú. Ọpọlọ á wá máa ti ara rẹ̀, á fún iṣan tó ń lọ sẹ́yìn orí pa, èèyàn lè má fi ìdajì ojú ríran mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà yí ọpọlọ ká, ó lè mú kí àwọn iṣan sún kì, èyí sì sábà máa ń wáyé láti bí ọjọ́ kẹrin sí ìkẹrìnlá. Bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ gan-an, tàbí tí ọ́síjìn kò tó, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé nínú ọpọlọ ló ń kọ́kọ́ kú. Bí egungun itan bá ṣẹ́, ọ̀rá inú egungun lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kó sì gun orí lọ.

Ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ dọ́kítà lọ́la, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ìkíní: rọpárọsẹ̀ yìí, ṣé iṣan ló dí, àbí ẹ̀jẹ̀ tó dà ló pọ̀ sí i? Ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Ìkejì: ṣé wọ́n ti ya àwòrán iṣan ọrùn? CT lásán, ìyẹn àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tó dà hàn kíákíá, ṣùgbọ́n kì í fi inú iṣan hàn. Èyí tí wọ́n ń fa oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó yà á ló ń fi í hàn.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó fèsì pé:

Ọlọ́run á bù kún yín, nọ́ọ̀sì wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín sétígbọ̀ọ́ Ìyá. Egungun itan rẹ̀ kò ṣẹ́ o, àfi eéjìká tó bó.

Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé abẹ́rẹ́ kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, pé bí wọ́n bá tètè fún èèyàn, ọwọ́ á jí padà. Wọn kò fún un. Ṣé nítorí pé a kò lówó lọ́wọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_ÌtaẸlẹ́wà fèsì pé:

Rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Abẹ́rẹ́ yẹn wà lóòótọ́, láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀ tí rọpárọsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ bá fara pa gan-an láàárín oṣù 3 sẹ́yìn kò sí lára àwọn tí wọ́n ń fún. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú orí àbúrò yín tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ kò mọ èyí tó dì sínú iṣan yàtọ̀ sí èyí tó ń dí ojú egbò. Ó lè ṣí gbogbo rẹ̀, kí orí kún fún ẹ̀jẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro irú rọpárọsẹ̀ yìí ti le ju ti àwọn àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Iṣan tó ya ń fẹ́ oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi aspirin tàbí heparin. Ọpọlọ tó ti ṣẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Orí ẹnì kan ṣoṣo ni méjèèjì wà. Nítorí náà, bí dọ́kítà bá ní ká dúró ná, ká tún àwòrán yà kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kì í ṣe pé ó ń fi yín falẹ̀. Ó ń wọn ewu méjì lójú ara wọn ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra aspirin ní kẹ́mísìtì wá fún un lórí ara rẹ̀.

ÌyáElẹ́wé fèsì pé:

Ẹ kú àmúmọ́ra o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ta ewé àti egbò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, mo ti rí ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá wólẹ̀ tó tún rìn. Àgbo kan wà tí wọ́n ń mu láàárọ̀ lálẹ́, òrí kan sì wà tí wọ́n fi ń ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí, ẹ̀jẹ̀ á rìn. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá, n kò ní gbowó lọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì_ÌtaẸlẹ́wà fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Ìyá wa, fún àánú yín. Mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ tèmi.

Fífi òrí ra ọwọ́ jẹ́jẹ́, láìfà á, n kò ní ìjà pẹ̀lú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbo, ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu rẹ̀ báyìí. Rọpárọsẹ̀ máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́. Ohun tí ẹ bá rọ sí ẹnu ẹni tí kò tíì lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, ibà àti ikọ́ tó máa ń tẹ̀lé e sì ti pa àwọn tí rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò pa. Ohun kan náà ni ògì, omi adúrà àti epo tí a máa ń fi ṣíbí tì sí aláìsàn lẹ́nu tí nọ́ọ̀sì bá ti yíjú. Rọ́bà tó gba imú rẹ̀ kọjá ni oúnjẹ rẹ̀ títí wọ́n á fi dán ọ̀fun rẹ̀ wò. Ewé míì wà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Bí a bá pò ó mọ́ oògùn ọsibítù, a ò ní mọ èyí tó ṣe é. Gbẹ́rẹ́ lórí orí tó ti fara pa ńkọ́? Ìyá mi, ẹ dákun, rárá.

ÌyáElẹ́wé fèsì pé:

Mo gbọ́, ọmọ mi. Kí ẹ sọ fún wa ìgbà tí ọ̀fun rẹ̀ bá là. Títí di ìgbà yẹn, àdúrà ni n óò máa gbà.

Àrẹ̀mọ_Ìmọ̀tà fèsì pé:

Mo máa ń ka ojú-òpó yìí láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí kàn mí.

Ọkọ̀ gbá mi lóru lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n là mí lórí nítorí ẹ̀jẹ̀ tó kún ibẹ̀. Kí n tó jí dáadáa, rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì mi. Ẹbí wa sọ ohun tí BàbáÌbejì sọ yẹn gan-an. Wọ́n fura sí ìyàwó bàbá mi àgbà, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní ọsibítù lójoojúmọ́. Ó gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́. Kò wá mọ́. Títí di òní, èmi ni mo ń lọ kí i, n kò rí ohun tí mo lè fi tu ú nínú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ èèyàn nínú ilé yín. Típà tí kò tan iná tó láti fi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àbúrò gan-an: ẹ wo ojú rẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé n kò ríran lápá òsì. Mo ń jẹ ìdajì àwo, mo ń fi ìdajì sílẹ̀, wọ́n ní mo ń ṣa oúnjẹ jẹ. Mo ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ló fura. Ẹ dúró sí ọ̀tún rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ wò ó bóyá ó ń rí i.

Inú sì máa ń bí mi nígbà yẹn débi pé mo ju ife mọ́ ìyàwó mi. Kì í ṣe ìwà mi. Dọ́kítà ṣàlàyé fún un pé ọpọlọ tó fara pa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló mú kó dúró. Ẹ tètè sọ fún ìyàwó àbúrò yín.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó fèsì pé:

Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka tiyín, àbúrò mi. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Kò fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tún kó mi lọ́kàn sókè. Ó ń wò wá, ó mọ̀ wá. Bí mo bá ní "pa ojú dé," ó ń pa á dé. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kan náà ló ń jáde, lẹ́yìn náà á bú sẹ́kún. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú ni?

Físíò_Ẹ̀bútè fèsì pé:

Ẹ kú ìrójú, ẹ̀gbọ́n. Ọpọlọ rẹ̀ kò dàrú. Ọpọlọ òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, lára èèyàn tó pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà jáde ló bà jẹ́. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà. Gbólóhùn kúkurú, ìbéèrè tó lè fi orí dáhùn: "Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́?" Ẹ má pariwo sí i létí, kò dití. Ẹ má sì jókòó tì í máa sọ pé "ó ti parí fún un," ó ń gbọ́. Ìrètí wà pé ọ̀rọ̀ á padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọsibítù náà ní ẹni tó ń kọ́ aláìsàn lọ́rọ̀.

Nípa ọwọ́ tó kú, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í fa á dìde. Èyí ni mo máa ń rí jù, ó sì máa ń dùn mí: ẹ̀gbọ́n á di ọwọ́ aláìsàn mú, á fà á kó lè jókòó, eéjìká á yẹ̀ lórí ọwọ́ tí kò ní agbára. Ti àbúrò yín tún ti bó tẹ́lẹ̀. Abẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ ti gbé e. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ náà. Ẹ bá nọ́ọ̀sì yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, kí ìdí àti gìgísẹ̀ má lọ dá egbò. Kí ẹsẹ̀ náà má wà ní ìnà sísàlẹ̀ títí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á le síbẹ̀, kò sì ní lè tẹ ilẹ̀ tó bá dìde.

Oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù, ṣùgbọ́n kì í dúró síbẹ̀. Ó tún ní ohun tí àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní: ọpọlọ rẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká lo àsìkò náà.

Ọmọ_Ìjẹ̀dẹ́ fèsì pé:

Ẹ jẹ́ n fi ti bàbá mi kún un, nítorí ó jọ ọ́, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n forí gbá ògiri. Wọ́n dìde, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ọ̀rọ̀ ń fà. Gbogbo àdúgbò ní rọpárọsẹ̀ ni. Dọ́kítà kan tó béèrè bóyá wọ́n ṣubú rí ló ní kí a lọ ya CT. Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ló kó jọ láàárín agbárí àti ọpọlọ, tó ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lu ihò kékeré sí agbárí, wọ́n fà á jáde. Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde.

Nọ́ọ̀sì_ÌtaẸlẹ́wà fèsì pé:

Ọmọ_Ìjẹ̀dẹ́, ẹ ṣeun gan-an. Àwọn àgbà àti àwọn tó ń mu ọtí ni irú rẹ̀ máa ń bá jù. Àpẹẹrẹ yín jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn: ara tó bá kú lápá kan lẹ́yìn tí orí ti fara gbá, ẹ má gbà pé rọpárọsẹ̀ ni láìya àwòrán. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ bí ti Bàbá. Ó lè jẹ́ wárápá tó mú un láìsẹ́ni tó rí i, tí ọwọ́ máa ń kú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Fún gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn orí, ní wọ́ọ̀dù àti nílé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Bí oorun rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àná, tí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì, tí ìpéǹpéjú kan bá wálẹ̀ tí ọmọlójú ìhà yẹn sì kéré, tí ó ń di ọrùn mú pé ó ń ro òun, tí ó bá bì, tí ọ̀rọ̀ bá yí: ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ ní "kò rí báyìí tẹ́lẹ̀," ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ pé. Bí nọ́ọ̀sì kan kò bá dá yín lóhùn, ẹ wá òmíràn. Ẹ má tijú.

BàbáÌbejì_Agric fèsì pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò ní kí ẹ má ṣe ti dọ́kítà. Àmọ́, nọ́ọ̀sì, ìgbà tí wọ́n bá sọ pé iṣan ọrùn ló ya, kí ló dé tí kò fi ya lára ọlọ́kadà tí wọ́n jọ ṣubú?

Nọ́ọ̀sì_ÌtaẸlẹ́wà fèsì pé:

Ìbéèrè tó dára ni, bàbá. Ọlọ́kadà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, apá rẹ̀ ló gba ilẹ̀, òun ló sì ṣẹ́. Ẹni ẹ̀yìn kò ní ohun tó dì mú, orí rẹ̀ ló lọ síwájú. Ìwọ̀n tí ọrùn fi yí nìkan tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbàdúrà fún un, àwa náà á ṣe àmín.

Ọlọ́kọ̀_Òpópónà fèsì pé:

Ohun méjì ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ilé ìwòsàn tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé kò sí ilé ìtọ́jú tó gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Kí gbogbo ọmọ Ìkòròdú mọ̀ ọ́n sórí, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

Èkejì ni márúwá. Mo mọ̀ pé àánú ló mú wọn gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa ọrùn. A máa ń di ẹni tó fara pa mú lápá àti lẹ́sẹ̀, orí á máa mì sọ́tùn-ún sósì títí a ó fi dé. Ẹ pe 767 tàbí 112 ní Èkó, ẹ pe 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí ewu iná tàbí ọkọ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ má gbé e kí wọ́n tó dé. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú ṣinṣin ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ara. Bí ọ̀ràn bá fi dandan jẹ́ gbígbé, pákó tó gùn, èèyàn mẹ́rin, ẹnì kan fún orí nìkan.

Àṣíborí ńkọ́? Láti oṣù kìíní ọdún 2009 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún ọlọ́kadà àti èrò. Mo rántí àwọn tó dé igbá dípò rẹ̀ nígbà yẹn. Èrò míì ṣì ń kọ̀ ọ́ títí dòní nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n fi oògùn sínú rẹ̀. Ẹ ra tiyín, ẹ máa gbé e dání. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ìpalára orí kù ní bí 69 nínú 100, ó sì ń dín ikú kù ní bí 42 nínú 100.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó fèsì pé:

Ẹ kú àdúrà o, gbogbo yín. Mo ti pẹ́ kí n tó padà wá, ẹ má bínú, ọsibítù ni mo ń sùn.

Mo béèrè ìbéèrè méjèèjì. Dọ́kítà àgbà gan-an ló jókòó tì mí ṣàlàyé. Iṣan ló dí. Wọ́n ya àwòrán ọrùn, wọ́n rí i pé iṣan iwájú ọrùn lápá òsì ló ya. Wọ́n tún CT orí yà, ẹ̀jẹ̀ tó dà kò pọ̀ sí i, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ aspirin. Wọ́n ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún ọrùn náà yà, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń jinná fúnra rẹ̀.

Ọ̀fun rẹ̀ ti là, ìyá wa ÌyáElẹ́wé. Wọ́n ti yọ rọ́bà imú, ó ń jẹ ohun rírọ̀ ní ìjókòó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mira díẹ̀. Ọwọ́ kò tíì ṣe nǹkan. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, kò sì tíì lè pe tèmi.

Wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀ láìpẹ́. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀? Ó sì ti ń fọwọ́ ṣàpèjúwe pé òun fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ tí òun ń lò níbi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì_ÌtaẸlẹ́wà fèsì pé:

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí dọ́kítà yẹn.

Ẹ̀rọ, ọ̀kadà, mọ́tò, àkàbà gíga, ìdáná nìkan: kí ó jìnnà sí gbogbo wọn títí dọ́kítà á fi ní ó tó. Wárápá lè yọ lẹ́yìn irú ìpalára yìí, kódà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Bó bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ti ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀. Bí kò bá dá láàárín ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ni.

Ẹ má sì rò pé ewu rọpárọsẹ̀ ti tán. Ìwádìí kan láti Taiwan lọ́dún 2011 fi hàn pé láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, ewu náà fi bí ìlọ́po 10 ju ti ẹni tí orí rẹ̀ kò fara pa lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé ní ìlọ́po 4, lẹ́yìn ọdún 5 ó ṣì lé ní ìlọ́po 2. Nítorí náà, ẹ máa wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó má pa aspirin jẹ, kí ó má dá a dúró nítorí pé ara ti ń yá. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ lọ́rùn o! Kò gbọdọ̀ sí yíyí ọrùn gbá-gbá bí àwọn onígbàjámọ̀ ṣe máa ń ṣe.

Nípa owó, ẹ lọ béèrè nípa ètò ìlera Èkó, Ilera Eko, fún òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún.

Físíò_Ẹ̀bútè fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó gbé e délé: ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbi tí àwọn èèyàn á máa gba apá ọ̀tún rẹ̀ wọlé, kó lè máa yíjú síbẹ̀. Ẹ ká àwọn kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò nílẹ̀. Ẹ wá àga tó ní apá, tó le, fún balùwẹ̀. Ẹ mú bàtà tó bo gìgísẹ̀ wá fún ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe sálúbàtà, a ó dúró lọ́jọ́ náà.